Irú Ẹ̀rọ Ìká-Okùn Tí Ó Yẹ Kànga Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ kànga sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú, ní Ìdòfin

Ní àpéjọ èṣí ni ẹ yan àwa 5 kí a lọ wádìí irú ẹ̀rọ tí ó yẹ kí a gbé sórí kànga ìlú, kí a sì padà wá jábọ̀ fún yín. Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni a wá jẹ́ lónìí.

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ kànga tún ń wá láàárín wa ní ayé ọ̀làjú yìí. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Kànga ẹ̀rọ tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi rẹ̀ dára púpọ̀ nígbà tí bẹtiróòlù kò tíì wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni a gbọ́ láti Àbújá pé ìjọba kò ní í san owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, lítà kan tí a ń rà ní nǹkan bí náírà 190 ti kọjá náírà 480. Láti ìgbà náà ni owó tí àdúgbò ń dá jọ fún epo kò ti kájú ọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ̀rùn bá dé, tí ẹnu kànga ẹ̀rọ sì dákẹ́, ojú gbogbo wa a padà sí kànga tí àwọn baba wa fi ọwọ́ gbẹ́, tí a ti ń fojú pa rẹ́.

Ẹ̀yin náà sì mọ irú ilẹ̀ tí a tẹ̀ dó sí. Láti Ìlọ́fà títí dé Odò-Ọwá àti Èkan Méje, ilẹ̀ àpáta ni. Omi kànga wa kì í sun láti inú àpáta líle bí kò ṣe láti inú erùpẹ̀ àti òkúta rírà tí ó bo àpáta náà lórí. Bí òjò bá ti dá, omi náà a máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀. Kànga tí a ń fi okùn mítà 6 fà ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí a sọ okùn sí i ní oṣù kejì ọdún yìí, mítà 14 ni a bá omi. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán fa gúgà kan láti ibẹ̀ kì yóò rò pé eré ni. Ẹni tí ó bá sì ní láti fa 10 kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a ṣàánú rẹ̀.

A kò ní fi ohun kan pa mọ́ fún yín. Ẹ̀rọ kan ti wà lórí kànga yìí rí. Wẹ́dà kan ni ó bá wa ṣe é. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí a ní kí ó ṣe gan-an ni ó ṣe. Àwa ni a kò mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Páìpù kan lórí òpó méjì, ọwọ́ ìyí kan ní apá ọ̀tún, okùn, ó parí. Kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tí ó lè dá a dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan fa gúgà dé ẹnu kànga, ó na ọwọ́ òsì kí ó fi mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yọ̀. Gúgà tí omi kún inú rẹ̀ já wálẹ̀, ọwọ́ ìyí sì ń yí bí abẹ́bẹ̀. Bí ọmọ náà ti fẹ́ gbá a mú, ó ṣẹ́ ẹ ní ọrùn ọwọ́. Ó ti san, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ti yọ ọwọ́ ìyí náà sọnù, tí àwọn ìyá wa sì padà sí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́ etí kànga kí wọ́n tó fa omi. Ewu tí wọ́n sá fún kò ju ewu tí wọ́n sá bọ̀ lọ. Etí kànga a máa yọ̀, okùn ti gbẹ́ ojú sìmẹ́ńtì rẹ̀ ní ipa-ipa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe é pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ yìí ni a ṣe fẹ́ kí ẹ gbọ́ wa dé òpin, ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu nínú ọkàn yín pé ẹ kò fẹ́ rí ẹ̀rọ mọ́.

Ẹ̀rọ ìká-okùn kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Igi tàbí páìpù róbótó kan ni a dá bùúlẹ̀ sórí òpó méjì, a so okùn mọ́ ọn, a sì ń fi ọwọ́ ìyí yí i kí okùn lè máa ká mọ́ ọn lára. Irú rẹ̀ náà ni àwọn atukọ̀ fi ń fa ìdákọ̀ró sókè láti ìsàlẹ̀ omi, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wíǹṣì. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú bí ọwọ́ ìyí ti gùn sí àti bí ohun tí okùn ń ká mọ́ ti sanra sí. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín páìpù dé etí rẹ̀, tí ọwọ́ ìyí sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ẹrù yóò fúyẹ́ ní ọ̀nà 4. Gúgà tí ó gba omi lítà 20, pẹ̀lú okùn rẹ̀, kò ní í dín ní kílò 24 púpọ̀; ẹni tí ó ń yí i yóò gbà á bí kílò 6 àti díẹ̀ sí i, nítorí irin a máa ha irin. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀. Ìyí kan kò ká ju okùn sẹ̀ǹtímítà 63 lọ. Láti inú kànga mítà 14, a ó yí i tó ìgbà 22, ọwọ́ ẹni tí ń yí i yóò sì ti rìn tó mítà 56 nínú afẹ́fẹ́ kí gúgà tó yọjú. Ohun tí a dín kù nínú agbára ni a fi ìrìn san.

Ìdí nìyí tí a kò fi gba ìmọ̀ràn àwọn tí ó ní kí a lo páìpù tínrín kí ẹrù lè fúyẹ́ sí i. Bí páìpù bá tínrín tó ìdajì ti ìṣáájú, kílò 3 ni ọwọ́ yóò gbé, ṣùgbọ́n ìyí yóò di 44. Àwọn tí ó ń dúró ní ẹ̀yìn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí a fi igi kan àpẹẹrẹ, tí a sì pe àwọn ìyá kí wọ́n wá yí i, àwọn ni ó là wá lójú sí ohun tí ìṣirò wa kò sọ. Ọwọ́ ìyí sẹ̀ǹtímítà 40 dára fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 kì í lè tẹ̀ lé e dé òkè pátápátá. Ó ń fò mọ́ ọn ni, níbi tí ó sì ti ń fò mọ́ ọn ni ọwọ́ rẹ̀ ti lè yọ̀. A gé e sí 35. Ẹrù di nǹkan bí kílò 7, kò sì sí ẹni tí ó ráhùn. Àwọn náà ni ó sọ pé kí ọwọ́ ìyí wà ní apá méjèèjì, kí àwọn méjì lè jọ yí i, kí aláboyún má baà dá a ṣe. A jẹ́wọ́ pé àwa ọkùnrin 5 tí ẹ yàn, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ti fa omi kànga láàárín ọdún 20. Ẹ fi obìnrin sí ìgbìmọ̀ tí ó bá tún kàn.

Bí a ti wà lẹ́nu èyí ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú wa kan ní Èkó. Ó ní òun ti rí ẹ̀rọ ìfà-ìdákọ̀ró àlòkù kan tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ ìpẹja kékeré, òun sì fẹ́ rà á fún ìlú. Inú wa dùn sí ìfẹ́ tí ó ní sí ilé. Méjì nínú wa bá a lọ wò ó.

Ẹ̀rọ náà wu ojú. Irin tí kì í dípẹtà kíákíá ni wọ́n fi ṣe é, nítorí omi òkun jẹ́ omi iyọ̀. Mọ́tò ni ó ń yí i, bátìrì volt 12 sì ni ó ń mú mọ́tò ṣiṣẹ́. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa ẹrù tí ó wúwo, ó lè gba iná tó ampere 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ láti gba bátìrì sílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a sì dá a fún. Apẹja a fa ìdákọ̀ró rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan ní òòjọ́, ẹ̀rọ a sì sinmi. Kànga ìlú kì í sinmi láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀wọ̀n ni ó ń fà, orí rẹ̀ sì ní ihò tí a gbẹ́ fún ẹ̀wọ̀n ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bí ẹ̀wọ̀n bá sanra jù tàbí tínrín jù, kì í wọ ihò náà, yóò máa fò ni. Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù lọ ni epo. Àwọn eyín irin inú rẹ̀ wà nínú àpótí tí epo kún. Bí rọ́bà tí ó dí àpótí náà bá gbó lórí òkun, epo kán sí òkun. Bí ó bá gbó lórí kànga wa, ẹ mọ ibi tí yóò kán sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa, a sì ní kí ó fi owó rẹ̀ pa mọ́ de okùn.

Síbẹ̀ a kò rin ìrìn àjò náà lásán. Àwọn tí ó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti àwọn tí ó ń lò ó, ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń yàn án: agbára tí ẹ̀rọ lè fi fà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 3 ìwọ̀n ìdákọ̀ró àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lápapọ̀. Bí ìdákọ̀ró bá wọn kílò 15, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tí ó nípọn ní mìlímítà 8 sì gùn ní mítà 30, ẹ̀wọ̀n nìkan yóò wọn tó kílò 42. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57, nítorí náà wọn kì í ra ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó kílò 171. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdákọ̀ró lè há sínú ẹrẹ̀, ìgbì lè gbé ọkọ̀ sókè, ẹ̀rọ náà sì lè ti gbó. Gúgà wa náà a máa há sí etí òkúta, ó sì máa ń rì mọ́ ẹrẹ̀ ní oṣù kẹta. Nítorí náà a mú ìlànà àwọn apẹja wálé: kílò 24 lọ́nà 3 jẹ́ 72. A sọ ọ́ di 100, nítorí pé àwọn ọmọdé yóò so rọ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí ó lè dá ọmọdé lẹ́kun irú eré bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí a rí kọ́ níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atukọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ ìfà-ìdákọ̀ró máa dì í mú nínú ìjì. Nígbà tí ìdákọ̀ró bá ti mú ilẹ̀, a so okùn mọ́ òpó irin tí ó dúró ṣinṣin lórí ọkọ̀, ẹ̀rọ a sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Fífà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ, dídúró ni iṣẹ́ òpó. Nígbà tí a gbọ́ èyí, ọmọbìnrin wa ni ó sọ sí wa lọ́kàn. Ohun tí ó ṣe é léṣe ni pé ọwọ́ kan náà ni ó fi ń fà, òun náà ni ó sì fi ń dá ẹrù dúró.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a ń bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí yóò ní ohun 3 tí ti ìṣáájú kò ní. Èkíní ni eyín àti ahọ́n. A ó fi irin tí a gé létí bí eyín ayùn yí orí páìpù ká, a ó sì fi ahọ́n irin kan há a. Bí a ti ń yí i, ahọ́n náà a máa bọ́ sínú eyín lọ́kọ̀ọ̀kan; ó ń gbà kí ẹ̀rọ lọ síwájú, kì í gbà kí ó padà. Bí ọwọ́ bá yọ̀ nígbàkígbà, gúgà kò ní í sọ̀ ju àlàfo eyín kan lọ. Èkejì ni ìjánu fún ìgbà tí a bá ń sọ gúgà sísàlẹ̀: awọ táyà àlòkù tí a yí po àgbá igi kan, pẹ̀lú igi ìtẹ̀ kan tí ń fún un mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni pé ọwọ́ ìyí yóò jẹ́ èyí tí a lè fà yọ kúrò lẹ́nu páìpù. Kí a tó ká ahọ́n sókè láti sọ gúgà sílẹ̀, a ó kọ́kọ́ fà á yọ. Ọwọ́ ìyí tí kò sí níbẹ̀ kò lè ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìjánu yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn méjì nínú wa ní àṣejù ni, pé eyín àti ahọ́n ti tó, gúgà òfìfo kò sì wúwo. Dípò kí a máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a dán an wò lórí àpẹẹrẹ onígi. A jẹ́ kí gúgà òfìfo sáré lọ láìsí ìjánu. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, àgbá náà kò dúró. Ó ń tú okùn lọ títí okùn fi yí padà, tí ó sì lọ́ mọ́ òpó. Ó gbà wá ní ìdajì wákàtí kí a tó tú u. Àwọn méjèèjì náà ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè fún ìjánu.

Ní ti ibi tí páìpù ti ń yí lórí òpó, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a lo béárìn ọ̀kadà, nítorí ó rọrùn láti rí rà. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iyanrìn àti omi ni ọ̀tá béárìn, àwọn méjèèjì sì pọ̀ ní ẹnu kànga. Gírísì tí a ó máa fi sí i sì tún mú ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ padà wá. A yàn igi líle, bí ìrókò, tí a gbẹ́ ihò sí, tí a sì sè nínú òróró tí à ń jẹ títí ó fi mu ún yó. Bí ó bá jẹ, káfíńtà ìlú yóò gbẹ́ òmíràn láàárín ọ̀sán kan. A kò sọ pé yóò fẹ́lẹ́ bí béárìn. A sọ pé kò ní í rán wa lọ sí Ìlọrin.

Okùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Okùn wáyà lágbára, ṣùgbọ́n bí fọ́nrán rẹ̀ kan bá já, yóò máa gún ọwọ́ bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀wọ̀n wúwo, èyí tí à ń yìn ín fún lórí ọkọ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀ ń bá ìdákọ̀ró dúró ni ohun tí a kò fẹ́ lórí kànga. Okùn ọ̀rá tí ó nípọn ní mìlímítà 12 ni a fara mọ́. Oòrùn ni ó ń pa á, kì í ṣe ẹrù. Bí ẹ bá ti rí i tí ó ń họ, tí ìyẹ̀fun funfun ń bọ́ lára rẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí ó já. A ó kọ́ òrùlé páànù kékeré sórí ẹ̀rọ náà, ara òṣìṣẹ́ ni a kọ́kọ́ rò ó fún, ṣùgbọ́n okùn ni yóò jàǹfààní jù.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì láàárín wa ti béèrè bóyá omi kànga tí ó lanu sílẹ̀ yẹ ní mímu. Ìbéèrè náà tọ́. Àwọn àgbà wa mọ sòbìà. Àwọn kan nínú yín sì ru àpá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìdin rẹ̀ a máa gbé inú kòkòrò omi tí ojú kò lè rí dáadáa, ó sì ń wọ inú omi nígbà tí ẹni tí sòbìà ń jáde lára rẹ̀ bá ti ẹsẹ̀ bọ omi tí a ń mu. Ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ní in káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ju 600,000 lọ. Ní ìpínlẹ̀ Kwara níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ láti abúlé dé abúlé láti wádìí rẹ̀. Ẹni tí ó ní in ní ìgbẹ̀yìn ní orílẹ̀-èdè wa, oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé àrùn náà ti tán nílẹ̀ wa. Oògùn kọ́ ni ó lé e lọ. Omi tí a dáàbò bò, aṣọ tí a fi sẹ́ omi, àti ẹ̀kọ́ ni. Àwọn baba wa ti wí pé kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe ni a ń ké sí. Kànga tí ó ní etí gíga, tí ẹnikẹ́ni kò lè tẹ ẹsẹ̀ bọ̀, tí gúgà kan ṣoṣo ń wọ inú rẹ̀, wà lára olúgàǹbe náà.

Gúgà kan ṣoṣo: ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ní ilẹ̀ Zimbabwe, àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwádìí Blair, pẹ̀lú Peter Morgan, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn omi ti Stockholm ní ọdún 2013, ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́ láti tún kànga ọwọ́ wọn ṣe. Wọn kò gbé mọ́tò wá. Wọ́n mọ etí kànga ga, wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ yí i ká kí omi tí ó dà sílẹ̀ má baà padà sínú rẹ̀, wọ́n fi ìdérí bò ó, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìká-okùn lé e, pẹ̀lú okùn àti gúgà tí kì í kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí kànga bá ní gúgà tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ju gúgà tí ó ti wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí adìyẹ ti ṣu sí, sínú omi gbogbo ìlú. Ohun tí a fẹ́ ṣe ní Ìdòfin kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Síbẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ máa se omi náà tàbí kí ẹ fi oògùn apakòkòrò sí i kí ọmọ tó mu ún. A kò ní tàn yín pé ẹ̀rọ nìkan sọ omi di mímọ́.

A yẹ pọ́ǹpù ọwọ́ náà wò, irú India Mark II tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1970 sí 1979 ní ilẹ̀ Íńdíà, àti Afridev tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n dára ju ẹ̀rọ ìká-okùn lọ ní ti ìmọ́tótó, nítorí ẹnu kànga a máa di pátápátá. Bí ìlú bá lówó láti máa ra rọ́bà àti ọ̀pá inú rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá bàjẹ́, a kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye pọ́ǹpù tí ó dúró bí òpó lásán lẹ́bàá ọ̀nà láàárín ìlú dé ìlú ní ìhà tiwa yìí, tí wọ́n bàjẹ́ nítorí rọ́bà kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ní ti iná oòrùn, a fẹ́ ẹ, ìgbìmọ̀ mìíràn ni ẹ fi í lé lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan tí a gbọ́dọ̀ sọ tẹnu-mọ́-tẹnu. Ní gbogbo ẹ̀rùn ni a ń rán ẹnìkan wọ inú kànga láti kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí, omi àti ẹrẹ̀ ni yóò máa fà, kò ní í gbé ènìyàn. Ẹni tí ó bá wọ kànga yóò so okùn tirẹ̀ mọ́ àyà, a ó sì so orí okùn náà mọ́ òpó sìmẹ́ńtì ọ̀tọ̀ tí a ó rì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí kò ní kúrò níbẹ̀. Òpó tí a ń wí yìí, ti àwọn atukọ̀ ni. Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé jẹnẹrétọ̀ sọ̀ sínú kànga láti fi fa omi rẹ̀ gbẹ. Èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí pé ó gbóòórùn ohunkóhun tí yóò kìlọ̀ fún un.

Ìyá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ tí a dán àpẹẹrẹ wò pé ta ni yóò máa bojú tó o nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ti túká. A kò rí èsì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí a ronú sí i, a pinnu láti dámọ̀ràn pé kí ìyá méjì láti àdúgbò kànga náà di kọ́kọ́rọ́ ìdérí mú, kí wọ́n máa ṣí i ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa wo okùn, ahọ́n àti ìjánu ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yóò máa san owó okùn tuntun ní ọdún kan, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka Èkó ti gba ti ọdún àkọ́kọ́.

Iye tí wẹ́dà, káfíńtà àti bíríkìlà bù fún wa wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Àpẹẹrẹ onígi náà wà níta lábẹ́ igi, a ti fi àpò iyanrìn kílò 24 kọ́ ọ. Kí a tó dìbò, a fẹ́ kí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ jáde lọ yí i, kí ẹni tí ó bá fẹ́ sì jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyí náà nígbà tí àpò bá dé òkè, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí yóò dúró sí. Ọmọbìnrin wa tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ti ní òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe é.